Ojú Ìwé Mẹ́rìnlá Tó Ṣìnà

Alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni. Mò ń ṣa ẹ̀wà tí màá fi se mọ́ínmọ́ín ní ọjọ́ kejì nígbà tí fóònù mi dún. Ọmọbìnrin kan tí mo bá di pírójẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì ni. Ó kí mi tìkánjútìkánjú, kò sì jẹ́ kí n dá a lóhùn tán tó fi béèrè pé, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n ń pè ní feldspar?"

Mo ní kí ló dé tó fi ń bi mí ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lálẹ́. Ó ní ìtàn ni òun kọ́, òun kò kọ́ òkúta. Ó ní ní ojú ìwé kọkànlélógójì, àwọn àgbà Ìdànrè ṣì ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń yan ọba, òun wá ṣí i sí ojú ìwé tó tẹ̀ lé e, òkúta ló bá níbẹ̀. Òkúta lọ títí dé ojú ìwé karùndínlọ́gọ́ta. "Lẹ́yìn ìyẹn, ọba tún padà wá."

Àyà mi já. Mo ti mọ ohun tí mo ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ mi kó tó di pé mo ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní àdúgbò Oyèmẹ́kùn, ní Àkúrẹ́ níbí. Mo ń tàìpù, mo ń ṣe fótókọ́pì, ṣùgbọ́n báíńdìn ló ń bọ́ mi. Bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga bá parí pírójẹ́ẹ̀tì rẹ̀, tí súpáfáísọ̀ bá ti buwọ́ lù ú, ọ̀dọ̀ irú wa ló ń gbé e wá. Màá kó bébà náà jọ, màá gbún un lórí tábìlì kí etí rẹ̀ lè dọ́gba, màá ta gọ́ọ̀mù sí i lẹ́yìn, màá fi irin tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, kí n tó fi páálí líle bò ó, kí n wá fi lẹ́tà aláwọ̀ wúrà kọ orúkọ onítọ̀hún sí i níwájú. Bí ó bá ti di hádì kọ́fà tán, kò sí àtúnṣe mọ́ àfi kí ènìyàn fi ọ̀bẹ ya á. Lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, iná lọ ní nǹkan bí aago mẹ́ta, jẹnẹrétọ̀ kọ̀, àwọn ọmọ bíi méje dúró sẹ́nu ọ̀nà, oníkálùkù ń pariwo pé súpáfáísọ̀ òun ń rìnrìn àjò lọ́la. Ìtòpelemọ bébà méjì wà lórí tábìlì mi, àtẹ̀wé kan náà ló tẹ̀ wọ́n, lẹ́tà kan náà, àlàfo kan náà. Orí àwọn méjèèjì sì ni "Ìdànrè" ti hàn gàdàgbà. Mo fi ọwọ́ gbé mẹ́rìnlá nínú tibí, mo tì í bọ tọ̀hún, mo gbé mẹ́rìnlá tọ̀hún bọ tibí. Nọ́ńbà ojú ìwé bára mu, ojú mi kò sì rí ohun tó burú níbẹ̀.

Ẹ má sọ fún àwọn oníbàárà mi o, ṣùgbọ́n mo máa ń ka àwọn pírójẹ́ẹ̀tì yìí. Bí iná bá lọ, tí ẹ̀rọ kò ṣiṣẹ́, kí ni kí n máa ṣe? Màá fa ọ̀kan yọ, màá jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ó ti di ọdún gbọọrọ tí mo ti ń ṣe é. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, mo lè dì èyí tó sọ̀rọ̀ nípa bí wọ́n ṣe ń fi oòrùn gbẹ ata, kí n di èyí tó ń wá ìtumọ̀ orúkọ àwọn ará Ìkálẹ̀, kí n di ti ẹni tó ń po èèpo ẹyin mọ́ kọnkéré bóyá yóò le ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ, kí n tún di ti ẹja Ìgbókòdá, ti ìkọ̀sílẹ̀ ní kóòtù ìbílẹ̀, ti òwe tí àwọn obìnrin fi ń bú ọkọ láìjẹ́ pé ọkọ mọ̀. (Èyí tó gbẹ̀yìn yìí, mo ṣe fótókọ́pì rẹ̀ fún ara mi.)

Ojú ìwé kan wà tí gbogbo wọn ti ń pàdé: ibi tí wọ́n ti ń dúpẹ́. Ẹni tó kọ́ físíìsì àti ẹni tó kọ́ oríkì, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà dúpẹ́. Ọlọ́run ló máa ń ṣáájú, súpáfáísọ̀ á tẹ̀ lé e pẹ̀lú gbogbo oyè rẹ̀, bàbá àti ìyá á wá tẹ̀ lé e, ẹ̀yìn wọn ni orúkọ ọ̀rẹ́ kan tí ó hàn pé ó ju ọ̀rẹ́ lọ. Bí ènìyàn bá ṣí ojú ìwé yẹn kọjá báyìí, ó parí. Oníkálùkù á wọ yàrá tirẹ̀, á ti ilẹ̀kùn.

Èyí kò yà mí lẹ́nu púpọ̀, nítorí bí wọ́n ṣe tò wọ́n nìyẹn. FUTA, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tó wà níbí láti 1981, ìmọ̀ ẹ̀rọ ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún. Ẹ kò ní rí ẹni tó ń kọ́ ìtàn ìlú níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ìtàn á gba ọ̀nà yunifásítì Àkùngbá lọ. Ẹni tó fẹ́ ṣe olùkọ́ á lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ Adéyẹmí ní ìlú Oǹdó, níbi tí yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn náà wà láti 2015. Géètì lọ́tọ̀, yunifọ́ọ̀mù ẹ̀ṣọ́ lọ́tọ̀. Àwọn ìwé wọn kì í bára wọn pàdé níbikíbi tí mo mọ̀, àfi lórí pákó tí mo kàn mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù mi, níbi tí wọ́n ti ń dúró de ẹni tí yóò wá san owó tó kù.

Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan tí wọ́n ń wádìí kò mọ géètì.

Ẹ wo kókó. Ọmọ àgbẹ̀ kókó ni mí, oko bàbá mi wà lọ́nà Ìdànrè. Nígbà tí a bá ti fọ́ kókó tán, inú apẹ̀rẹ̀ ni a máa ń kó hóró rẹ̀ tútù sí, a ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tẹ́ ẹ, a ó fi bò ó. Ní ọjọ́ kejì, bí o bá gba ibẹ̀ kọjá, wàá gbọ́ òórùn bí ẹni pé wọ́n da ẹmu sílẹ̀. Tó bá di ọjọ́ kẹta, ìkẹrin, òórùn náà á yí padà, á máa ta ènìyàn nímú bí ọtí tó ti kan. Bàbá mi á ti ọwọ́ bọ abẹ́ ewé, á fà á yọ kíákíá nítorí ó máa ń gbóná, á ní, "Ó ń sè." Kò síná lábẹ́ rẹ̀ o. Ìyá mi kò tilẹ̀ nílò ọwọ́. Imú ló fi ń mọ̀ bóyá ó tó kó síta láti sá sóòrùn. Bí wọ́n bá kó o síta láìpé ọjọ́, oníkókó tó wá rà á á bù ú jẹ, á ní ó korò, á yọ owó kúrò.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí bàbá mi kú, ọmọ kan tó kọ́ maikirobáyọ́lọ́jì gbé tirẹ̀ wá. Mo jókòó, mo kà á. Ó ní àwọn ìwúkàrà ló kọ́kọ́ ń dé inú apẹ̀rẹ̀, wọ́n á jẹ ṣúgà tó wà lára oje funfun tó bo hóró kókó, wọ́n á sọ ọ́ di ọtí. Bí ṣúgà bá ń tán, tí atẹ́gùn bá ń ráyè wọlé, àwọn bakitéríà mìíràn á dé, wọ́n á mu ọtí yẹn, wọ́n á sọ ọ́ di ọtí kíkan. Ibẹ̀ ni ooru ti ń wá, ó lè tó ìwọ̀n 45 sí 50 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì. Ooru àti kíkan yìí ló ń pa hóró náà kó má lè hù mọ́, òun ló sì ń ṣí ọ̀nà fún adùn tí a wá ń pè ní ṣokoléètì. Mo gbé ìwé náà sílẹ̀, mo sunkún díẹ̀. Gbogbo ohun tó kọ síbẹ̀ ni ìyá mi fi imú mọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kankan tó bi ìyá mi. Ọmọ náà kò sì jẹ̀bi, ara ohun tí wọ́n kọ́ ọ ni pé yàrá ìwádìí ni ìmọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà, mo dì ti ẹlòmíì tó wádìí orin tí àwọn obìnrin ń kọ nídìí kókó fífọ́. Orin kan wà níbẹ̀ tó sọ bí òórùn kókó ṣe ń yí padà. Àwọn ọmọ méjèèjì kò mọra wọn.

Èmi náà ti dá sí ìwádìí nígbà kan. Ẹ jẹ́ kí n fi yangàn díẹ̀.

Ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ ìmọ̀ ìlera àwùjọ gbé ìwé ìbéèrè wá, ó ní kí n bá òun yí i sí Yorùbá nítorí àwọn ìyá àgbà lápá Ọ̀wọ̀ ni òun fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ibà Lassa ló ń wádìí. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbí mọ ohun tí ibà yẹn ń fi ojú ìpínlẹ̀ Oǹdó rí lọ́dọọdún tí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́. Ìlú Lassa ní Borno ni orúkọ rẹ̀ ti wá, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá a mọ̀ ní 1969. Irú eku kan tó lọ́mú púpọ̀, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Mastomys natalensis, ló ń gbé àrùn náà kiri. Ìtọ̀ rẹ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ ló ń ba oúnjẹ jẹ́, pàápàá èyí tí a bá sá sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tàbí tí a kò dé. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó máa ń jọ ibà lásán, ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi máa ń pẹ́ nílé kí wọ́n tó dé ilé-ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀wọ̀, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì ń béèrè bóyá wọ́n máa ń jẹ irú ẹranko yẹn. Mo tàìpù pé: "Ǹjẹ́ ẹ máa ń jẹ eku?" Ìkejì ń béèrè bóyá ó máa ń wọ ilé wọn. Mo tàìpù pé: "Ǹjẹ́ eku máa ń wọ ilé yín?" Mo dúró, mo wo ohun tí mo kọ, ẹ̀rín pa mí.

Mo pè é. Mo ní, "Wá gbọ́, bí o bá bi ìyá ìyá mi pé ṣé ó ń jẹ eku, kí ni yóò sọ?" Ó ní yóò ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní ó dáa, eku wo ló máa ní lọ́kàn? Òkété ni. Tàbí ẹmọ́. Eku oko tí wọ́n sun lórí iná, tí wọ́n fi ń ṣe ètùtù, tí babaláwo ń kà ní "eku méjì olùwéré". Oúnjẹ gidi ni. Mo ní, bí o bá wá bi í pé ṣé eku máa ń wọ ilé rẹ̀ ńkọ́? Yóò ní rárá! Èkúté ló ń wọlé. Eku kì í wọlé, oko ni eku ń gbé. Mo ní, ṣé o rí i báyìí? Ìyá àgbà á dá ọ lóhùn pé òun ń jẹ ẹ́, á sì ní kì í wọ ilé òun, òótọ́ pọ́ńbélé ló sọ fún ọ nínú méjèèjì, ìwọ á wá lọ kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹran tí wọ́n ń jẹ ni ìṣòro, ilé wọn mọ́ tónítóní.

Ọmọ náà jókòó sórí àpótí, ó gbá orí mú. Ó ti tẹ irinwó ẹ̀dà ti Gẹ̀ẹ́sì kalẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó: èkúté-ilé, eku oko, òkété, ẹmọ́, asín. Asín fúnra rẹ̀ dá ìjà sílẹ̀, nítorí ó ní kíláàsì tí wọ́n ti kọ́ òun nípa ẹranko kò ka asín mọ́ eku rárá, ẹbí mìíràn ló wà; mo ní ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, èkúté-asín là ń pè é nílé wa. Níkẹyìn, a fi àwòrán sí i. Nígbà tó fi máa padà wá ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó ní ìyá kan bínú sí òun nígbà tí òun fi àwòrán èkúté hàn án tí òun sì béèrè bóyá ó ń jẹ ẹ́. Ìyá náà ní, "Ṣé ebi ló ń pa wá tó bẹ́ẹ̀?" Inú ọmọ yìí dùn bí ẹni tó rí owó he. Mo rò pé ọjọ́ yẹn ló mọ̀ pé èdè tí òun ń sọ láti ilé wà lára irinṣẹ́ tí òun yóò fi ṣe sáyẹ́ǹsì.

Bí mo bá ń sọ irú èyí, àwọn kan á ní àwọn ará ilé ni kò mọ̀wé, pé àwọn ọ̀mọ̀wé ńlá kì í ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí Ìṣàrun nígbà náà, kò jìnnà síbí.

Ọmọ kan gbé ìwé wá fún títàìpù. Ó kọ orúkọ ibì kan ní "Iwo Eleru" ní ojú ìwé kan, ó kọ ọ́ ní "Iho Eleru" ní òmíràn. Mo rò pé àṣìṣe ni, mo fẹ́ bá a tún un ṣe kó bára mu. Mo pè é lórí fóònù pé èwo ni kí n mú. Ó ní kí n fi méjèèjì sílẹ̀. Ó ní "Iwo" ni wọ́n kọ nínú ìwé àtijọ́, pé ìgbà tó pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n tó tún un ṣe. Ihò àpáta ni, Ihò Eléérú. Ní 1965, Thurstan Shaw, awalẹ̀pìtàn láti Ìbàdàn, àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́, walẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n rí òkúta tí àwọn ará àtijọ́ gbẹ́ ní irinṣẹ́, ó pọ̀ lọ jàra. Wọ́n sì rí òkú ènìyàn kan tí wọ́n sin síbẹ̀ ní ohun tó lé ní 11,000 ọdún sẹ́yìn.

Ní 2011, Katerina Harvati, onímọ̀ egungun àwọn ènìyàn àtijọ́, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi kọ̀ǹpútà wọn agbárí ẹni náà síhìn-ín sọ́hùn-ún, wọ́n fi wé ti àwọn ènìyàn ayé àtijọ́ àti ti òde òní. Wọ́n rí i pé ó gùn, ó sì lọ sílẹ̀, ó jọ ti àwọn tó gbáyé tipẹ́tipẹ́ ṣáájú rẹ̀ ju bó ṣe jọ tiwa lọ. Ìyẹn ni pé ní ìgbà tí gbogbo ènìyàn rò pé orí ọmọ aráyé ti rí bó ṣe rí lónìí níbi gbogbo, ẹnì kan wà nítòsí Àkúrẹ́ níbí tí tirẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń fa àríyànjiyàn láàárín àwọn onímọ̀ egungun, ó sì dùn mọ́ mi pé ọ̀dọ̀ wa ni àríyànjiyàn náà ti wá.

Ohun tó mú mi rẹ́rìn-ín ni orúkọ. Wọ́n fi ẹ̀rọ wọn egungun láìfi ibì kan sílẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ ibi tí egungun wà, wọ́n ṣì í kọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kí ni "Iwo Eleru"? Bí ènìyàn bá fi àmì sí i lọ́nà kan, ìwo ẹran ni. Bó bá fi sí i lọ́nà mìíràn, ó di "Ìwọ eléérú!", bí ẹni ń bú ọmọ tó ṣeré nídìí ààrò. Bẹ́ẹ̀, orúkọ gan-an ni ẹ̀rí àkọ́kọ́. Àwọn ará abúlé sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé ihò tí eérú wà nínú rẹ̀ ni, pé àwọn ènìyàn ti dáná níbẹ̀ rí. Èédú inú iná àtijọ́ yẹn náà ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kó lọ sí yàrá ìwádìí láti mọ ọjọ́ orí òkú náà. Ohun tí ihò yẹn ń jẹ́ lẹ́nu àgbẹ̀ ni wọ́n fi mọ ọdún rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹni tó bá ń ka èyí á máa retí kí n mẹ́nu ba Ifá àti kọ̀ǹpútà. Mo ti ń sá fún un. Lọ́dọọdún ni mo ń di ó kéré tán ọ̀kan: pé odù Ifá jẹ́ 256, pé méjì mẹ́jọ tí a fi ń pọ̀ ara wọn ni (2 × 2 × 2 × 2 × 2 × 2 × 2 × 2), pé iye yẹn náà ni ohun tí baiti kan nínú kọ̀ǹpútà lè gbà. Òótọ́ ni, ìṣirò náà pé. Ṣùgbọ́n ojú ìwé méjì péré ni wọ́n máa ń fún un, wọ́n á wá sá padà sórí kóòdù. Kò sí ẹni tó jókòó ti babaláwo kan pẹ́ láti béèrè bí ó ṣe ń rántí ẹsẹ Ifá tó wà nínú odù kọ̀ọ̀kan láìní ìwé. Èmi ì bá fẹ́ ka ìyẹn.

Èyí tó wù mí jù ni ti sátẹ́láìtì. Ní 2017, sátẹ́láìtì FUTA kan gòkè lọ sí òfuurufú, NigeriaEduSat-1 ni wọ́n pè é; iṣẹ́ àpapọ̀ pẹ̀lú yunifásítì kan ní Japan ni, Gánà, Mòǹgólíà àti Bàǹgíládéṣì náà ní tiwọn nínú rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan kò ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá lọ. Ó lè wọ inú ìkòkò ọbẹ̀ mi. Lára iṣẹ́ tí wọ́n ní kó ṣe lókè ni kó máa gbé orin sáfẹ́fẹ́ kí àwọn tó ní rédíò nílẹ̀ máa gbọ́ ọ. Ẹ gbà mí o! Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tó wà nínú ọgbà tí kò sí ẹ̀ka ìmọ̀ orin, nígbà tí wọ́n débi òfuurufú, orin ni wọ́n rò pé ó yẹ kí wọ́n gbé dání. Ó jóná ní 2019 bó ṣe ń padà bọ̀ sílé ayé, bí irú wọn ṣe máa ń ṣe.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sórí òkúta Ìdànrè, níbi tí mo ti dá wàhálà sílẹ̀.

Mo ní kí àwọn ọmọ méjèèjì wá bá mi ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ọmọkùnrin tó kọ́ jiọ́lọ́jì ló kọ́kọ́ dé, òun kò tíì mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀; kò tíì ṣí ìwé rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti gbà á. Ọmọbìnrin náà dé lẹ́yìn rẹ̀, ó wọ bàtà pupa tí okùn rẹ̀ kan ti já, rọ́bà tí wọ́n fi ń so owó ló fi so ó. Mo tọrọ àforíjì títí. Mo ní màá dì méjèèjì tuntun lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n jókòó. Iṣẹ́ náà kì í yá, torí náà wọ́n ní láti jókòó pẹ́. Kò sí ohun tí wọ́n lè kà níbẹ̀ bí kò ṣe ìwé tí mo bàjẹ́.

Ọmọkùnrin náà ṣàlàyé feldspar fún un. Ó ní àwọn ẹyọ ńláńlá tó máa ń hàn lára òkúta Ìdànrè ni, bí ìgbà tí wọ́n gé àgbọn wẹ́wẹ́ sínú búrẹ́dì. Ó ní òkúta yẹn ti tó nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún, pé nísàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́hùn-ún ló ti tutù díẹ̀díẹ̀ láti inú ohun yíyọ́, ìdí nìyẹn tí àwọn ẹyọ rẹ̀ fi ráyè tóbi. Pé ìgbà tí ilẹ̀ tó bò ó ṣí kúrò ló yọ síta, tí ara rẹ̀ sì ń bó ní ìpele-ìpele bí àlùbọ́sà. Nínú gbogbo fọ́tò tó wà nínú ìwé rẹ̀, hámà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta. Mo ti rò pé ó gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ ni. Ó ní òṣùwọ̀n ni, pé ẹni tó bá rí hámà ló máa mọ bí ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣe tóbi tó.

Ọmọbìnrin náà ní ohun tó ń yọ òun lẹ́nu láti ọjọ́ yìí ni bí odidi ìlú ṣe gbé orí òkè yẹn pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ ní ọ̀rúndún ogún. Ó ní òun ti kọ nípa ogun tó lé wọn gun òkè, òun ti kọ nípa ọba, òun ti kọ nípa odò Arùn, ṣùgbọ́n òun kò mọ ibi tí omi ń gbà dé orí òkúta. Ọmọkùnrin náà gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣí i sí ọ̀kan nínú ojú ìwé tó ṣìnà, ó fi ìka tọ́ka sí àwòrán kan. Ó ní inú àwọn sísán ara òkúta ni omi òjò máa ń sá pamọ́ sí, á sì máa yọ díẹ̀díẹ̀. Ọmọbìnrin náà ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Orí kẹrin mi ni kinní yìí ì bá wà."

Ọmọkùnrin náà ní òun náà rí nǹkan nínú ojú ìwé ọmọbìnrin náà tó bọ́ sínú ìwé òun. Ó ti ń ka nípa ẹsẹ̀ Agbógun, àmì ẹsẹ̀ tó wà lára òkúta lókè níbẹ̀, tí wọ́n ní kò sí ẹsẹ̀ tí kò bá mu, ti ọmọdé àti ti àgbà, àfi tí onítọ̀hún bá jẹ́ àjẹ́. Ó ní òun ti gun àtẹ̀gùn yẹn, tó lé ní 600, ní ìgbà márùn-ún nítorí pírójẹ́ẹ̀tì yìí, òun sì ti gba ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ kọjá láìmọ̀. Ó béèrè ibi tó wà gan-an. Ọmọbìnrin náà ní òun kò lè fi ẹnu júwe rẹ̀.

Mo parí iṣẹ́ wọn ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n gba tuntun, wọ́n fi èyí tó bàjẹ́ sílẹ̀ fún mi. Ó wà lórí pákó mi títí di òní, èyí aláwọ̀ búlúù tí ọba ti lọ tí òkúta dé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọmọkùnrin náà mú fúláàṣì wá, ó ní òun fẹ́ tẹ fọ́tò kan. Mo ṣí i. Ojú òkúta ni, oòrùn ti là á, ihò kan bí ẹsẹ̀ sì wà lára rẹ̀. Hámà rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, bàtà pupa kan tí wọ́n fi rọ́bà so. Ẹni tó ni bàtà náà ti ti ẹsẹ̀ bọ inú ihò náà, ó sì bá a mu gẹ́lẹ́.

Ó ní ẹ̀dà méjì ni kí n tẹ̀, aláwọ̀. Mo gba owó ọ̀kan.